Ẹsẹ̀ Tí Kò Ráhùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ti ń bi àwa àgbà léèrè irú iṣẹ́ tí a ṣe jẹun, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó mú. Àwọn tó ṣe nọ́ọ̀sì ti sọ tiwọn, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé ti sọ tiwọn. Nígbà tó kàn mí, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mi ò bínú. Ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ Ìbàdàn fi gbogbo ìgbà agbára rẹ̀ tún bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín ṣe, tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa. Bí ẹ bá rín in tán, ẹ jókòó.

Èmi fúnra mi kò yọ̀ lórí yìnyín rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹ má baà bi mí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mi ò sì rí ìdí tí àgbàlagbà yóò fi gun òkè lọ kó lè já bọ́ láti orí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ìtajà kan ní Manhattan ni mo wà, láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú títí di ọjọ́ tí orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́. Àwọn tó ń lọ sórí òkè ni wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ wọn wá bá mi.

Bàtà síkì kì í ṣe bàtà bí ẹ ṣe mọ bàtà. Ike líle ni, ó ga dé ojúgun, ìdè irin ni wọ́n fi ń dì í mọ́ ẹsẹ̀ pinpin, bàtà rírọ̀ mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fún, nítorí bí ẹsẹ̀ bá ń mì nínú rẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè darí pákó gígùn tó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì lọ forí sọ igi. Ṣùgbọ́n ike kò mọ egungun. Ibi tí egungun bá ti yọ síta díẹ̀, bóyá ní kókósẹ̀ ni o, bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù, ibẹ̀ ni ike yóò ti máa tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ọkùnrin tó tóbi bí ilẹ̀kùn tó ń sunkún nítorí ibi tí kò ju orí bọ́tìnnì lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n wá ibi náà rí, kí n sì gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ike.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ti kọ́ṣẹ́ ṣúmékà ní Mọ́kọ́lá kí n tó wá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo dé, ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Bọ́sún ni mo kọ́kọ́ sùn, ní àdúgbò Castle Hill. A kì í ṣe ẹbí. Ìjọ kan náà ni à ń lọ nílé, ìyẹn nìkan ló so wá pọ̀. Ó fún mi ní pálọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fẹ́mi, ń bu oúnjẹ fún mi bí àbúrò ọkọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo máa kó lọ. Mọ́tò ni Ẹ̀gbọ́n ń wà. Èrò kan tó gbé ló sọ fún un pé ilé ìtajà òun ń wá ẹni tó mọ awọ àti abẹ́rẹ́. Wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì kéré, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Jósẹ́fù lorúkọ ọ̀gá mi. Arúgbó òyìnbó ni, láti ìlú olókè kan ní Yúróòpù, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ lórí yìnyín kí wọ́n tó mọ ABD. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kò kí mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó lọ sẹ́yìn, ó gbé bàtà síkì kan wá tó kéré sí mi, ó ní kí n wọ̀ ọ́.

Mo wọ̀ ọ́. Ó dì í. Mo ní, "Ọ̀gá, títí di ìgbà wo?"

Ó ní, "Títí a ó fi ti ilẹ̀kùn."

Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo fi ń gbé páálí sókè sódò pẹ̀lú bàtà yẹn lẹ́sẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú mi ti pọ́n. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti ń fi èdè Yorùbá ṣépè fún un, ó sì ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ. Nígbà tí mo bọ́ ọ, èékánná àtàǹpàkò mi ti dúdú. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ó dáa. Ẹni tí ìrora kò bá jẹ rí, owó nìkan ni yóò máa rí lẹ́sẹ̀ oníbàárà."

Ọ̀gá tí mo ní ní Mọ́kọ́lá máa ń fi bẹ́líìtì nà wá. Ọ̀gá Jósẹ́fù kò na ẹnikẹ́ni rí. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ti bẹ́líìtì yẹn sàn. Bí o bá ṣe àṣìṣe, kò ní bá ọ wí. Yóò kàn gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ, yóò tún un ṣe níṣojú oníbàárà, kò sì ní bá ọ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ mọ̀. Mo ń kúnlẹ̀, mo ń di ẹsẹ̀ mú, mo ń fi àtàǹpàkò wá egungun kiri. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkùnrin tiwa kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn, ó ń dọ̀bálẹ̀ ni. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ lórí fóònù pé mò ń kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ olówó, àwọn mìíràn tí kò tíì hu irùngbọ̀n, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì ti tán. Ó wá ní, "Jídé, ṣáà jẹ́ kí orúnkún ẹ mọ́." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún lẹ́yìn náà, nítorí mo mọ̀ pé ó dùn ún.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó mú bàtà rírọ̀ kúrò nínú ike, oníbàárà yóò ti ẹsẹ̀ lásán bọ inú ike náà, a ó wo àyè tó kù lẹ́yìn gìgísẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó fi ìkunètè pupa, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun ẹnu, sàmì sí orí egungun tó ń dùn ún. Yóò tún ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, àmì yóò sì hàn nínú ike. Ibẹ̀ ni a ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí títí yóò fi rọ̀, tí a ó sì fi irin tì í síta. Bí ooru bá kéré, ike yóò padà síbi tó wà. Bí ó bá pọ̀ jù, bàtà ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ kankan.

Wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Jósẹ́fù kò gbà á tán. Ọkùnrin kan wá nígbà kan, ó ń ké pé ọmọ ìka òun ń dùn òun, kí wọ́n fún òun ní bàtà tó tóbi sí i. Ọ̀gá gbé èyí tó kéré wá fún un. Ọkùnrin náà bínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bàtà lù ú. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, ìrora lọ. Bàtà rẹ̀ àtijọ́ ti tóbi jù ni, ẹsẹ̀ ń sáré nínú rẹ̀ lọ síwájú, ó ń fi ìka gbá ògiri. Ọ̀gá ní kí n máa bi ènìyàn ní ibi tó ń dùn ún, kí n gbọ́ ọ dáadáa, kí n sì fi ọwọ́ mi wò ó kí n tó gbà á gbọ́.

Ohun kan wà tó máa ń sọ tí ojú rẹ̀ á le. Ó ní ẹni tó ń pariwo kò ba òun lẹ́rù. Ẹni tí bàtà fún pinpin, tó ní kò dùn òun níbì kankan, ẹni yẹn ni kí n di mú. Àbúrò rẹ̀ kan ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú wọn. Òtútù pa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkè, ìrora dúró, inú rẹ̀ dùn pé ó ti dúró, ó sì ń bá eré lọ. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ní ìrora dà bí ajá tó ń gbó lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, kì í ṣe ọjọ́ oorun.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ máa ń pọ̀, nígbà ooru mo ń lẹ bàtà aláwọ fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Ike tuntun dé tí wọ́n ń kó sínú ààrò kékeré, tí yóò rọ̀ látòkè délẹ̀ tí yóò sì gba àwòrán ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ dé tí èèyàn yóò kàn dúró lé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yọ lórí kọ̀ǹpútà, pupa níbi tó wúwo, búlúù níbi tó fúyẹ́. Mi ò ní bú ẹ̀rọ náà. Ó gba orúnkún mi là fún ọdún díẹ̀, ó sì máa ń rí ohun tí ojú mi kò rí mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ń tẹ̀lé e, wọ́n ń ta bàtà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì ń dára. Ọ̀gá Jósẹ́fù kò fẹ́ wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà yẹn. Ó kú nígbà tí yìnyín ń yọ́. Nígbà tí a dé ibi ìsìnkú, kò sí ọmọ, kò sí ìyàwó, àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni a dúró yí ihò ká. Mo ronú pé ẹsẹ̀ mélòó ló ti gbà là, tí ọ̀kankan nínú wọn kò sì rìn wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mi ò fẹ́ sọ.

Fẹ́mi, ọmọ Ẹ̀gbọ́n Bọ́sún, fẹ́ gbé ìyàwó. Ọmọ òyìnbó ni ọmọbìnrin náà, àwọn òbí rẹ̀ sì ní ilé kan lórí òkè, lápá àríwá, níbi tí gbogbo ẹbí wọn ti ń lọ yọ̀ lórí yìnyín lọ́dọọdún. Wọ́n ní kí àna wọn wá. Ẹ̀yin mọ ohun tí ojú àna jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, ó sì ti sanra nídìí mọ́tò, ṣùgbọ́n ó búra pé òun ò ní jókòó ti iná bí arúgbó kí àwọn àna òun máa ṣàánú òun. Ó wá sí ilé ìtajà wa ní ọ̀sán kan, òun àti Ìyá Fẹ́mi, ẹ̀rín ló bá wọlé.

"Jídé! Wọ́n ní ìwọ ni king of boots. Wá fi bàtà sí mi lẹ́sẹ̀."

Inú mi dùn púpọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un, kò sì sí ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún tó wù mí bí ìyẹn. Mo ní kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ mi bíi ti Jésù ni?"

Ìyá Fẹ́mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo di ẹsẹ̀ òsì mú. Ó tutù. Ara rẹ̀ ń dán, kò sí irun kan lójúgun, awọ ti yi lábẹ́ àtàǹpàkò, ó sì dúdú láàárín. Mo gbé bàtà tó wọ̀ wá kúrò nílẹ̀ kí n lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun kan sì jábọ́ nínú rẹ̀. Ìdérí bírò ni. Ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni èyí ti wà níbẹ̀?"

Ó wò ó. "Èwo? Mi ò mọ̀ ọ́n o."

Ó ti fi wa mọ́tò láti òwúrọ̀. Ẹ̀rín mi gbẹ. Mo fi ike síkì sí i lẹ́sẹ̀, mo dì í dé ibi tí ọ̀dọ́kùnrin alágbára ti máa ń ké. Mo bi í pé ṣé ó ń dùn ún.

"Kò dùn mí rárá. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Wọ́n ti ń purọ́ mọ́ bàtà yìí."

Mo tú u. Mo rọra sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ènìyàn wà nítòsí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà rí? Ẹsẹ̀ yín ò mọ nǹkan mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó lọ́la. Mi ò lè jẹ́ kí ẹ wọ bàtà yìí lọ."

Ìyá Fẹ́mi dìde. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Jídé, kí lo fẹnu ẹ pè yẹn? Lórí ọkọ mi? I reject it!" Ó ta ìka yí orí rẹ̀ ká, ó tún ta á yí orí ọkọ rẹ̀ ká.

Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ padà. "Àbúrò, mo ti ń fi ẹsẹ̀ yìí rìn kí wọ́n tó bí ẹ. It is well with me. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín ni."

"Mo ní kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, Jídé."

Ẹni tí kì í bá ṣe tiwa lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Láàárín wa, bí ikọ́ bá ń yọ ìfun ènìyàn, tí o bi í pé báwo lara, "A dúpẹ́" ni yóò sọ. Ìjọ tún fi tirẹ̀ lé e, pé ohun tí o bá fẹnu jẹ́wọ́ ni yóò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ẹni tó bá pe àìsàn lórúkọ, bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un ni. Mo ti gbé inú ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, èmi náà ń ṣe àmín sí i. Mo sì tún pè é lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, nítorí ẹsẹ̀ olóore mi ló wà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n lọ sí ilé ìtajà mìíràn. Ibẹ̀ bi í pé ṣé ó ń dùn ún, ó ní rárá, wọ́n dì í fún un. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa nínú ìjọ: Ẹ̀gbọ́n lórí yìnyín, láàárín àwọn àna rẹ̀, ó na ọ̀pá méjèèjì tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ènìyàn ń kọ "Ògo ni fún Ọlọ́run" sí abẹ́ rẹ̀. Èmi kò wo ojú rẹ̀. Bàtà ni mò ń wò.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Fẹ́mi tó sọ ìyókù fún mi. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà ní ìrọ̀lẹ́, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó rò pé yìnyín tó yọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni. Kò sọ fún àna, kò sọ fún ọmọ. Nígbà tí wọ́n dé ilé, wọ́n fi òróró àdúrà sí i, wọ́n sì ń gbààwẹ̀. Ó ń wa mọ́tò lọ. Kò kúkú dùn ún. Nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀, Ìyá Fẹ́mi ra ohun tí wọ́n ń fín sínú yàrá. Fẹ́mi ló wá kí wọn lọ́jọ́ kan tó gbé bàbá rẹ̀ dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì náà lábẹ́ orúnkún.

Mo lọ kí i. Ìyá Fẹ́mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kò jẹ́ kí n wọlé. "Ó ń sùn," ló wí. Mo rí i láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ pé ojú ọkọ rẹ̀ là. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ti tàn ká ìjọ pé ẹnu Jídé ló pè é. Obìnrin kan pa òwe sí mi létí bí a ṣe ń jáde, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó ta bàtà fún un kò gbọ́ èébú kan. Èmi tí mo kọ̀ láti tà á ni mo di oṣó. Inú bí mi. Kí n má purọ́ fún yín, ó ṣì ń bí mi. Mo kúrò ní bẹ́ǹṣì tí a ti jọ ń jókòó, mo lọ sí ẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí léèrè ìdí tí mo fi kúrò.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ tó bá ti wà lọ́wọ́ mi tí kò ráhùn, àyà mi á já. Mo lé oníbàárà púpọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan fi ẹjọ́ mi sun ọ̀gá tuntun. Orúnkún mi wá bàjẹ́ pátápátá. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí subway ní ìtòsí ilé mi ní Morris Heights, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń sọ̀ bí akàn. Wọ́n ṣe àkàrà òyìnbó fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí nínú yín, kó mọ ohun tó ń jẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rín bí ẹ ṣe rò. Ọwọ́ rẹ yóò mọ ohun tí etí oníbàárà kò fẹ́ gbọ́, wàá sì ní láti sọ ọ́. Mi ò kábàámọ̀ pé mo ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ ọmọ mi kó ṣe é.

Ìgbà òtútù tó kọjá yìí, Ìyá Fẹ́mi pè mí. Ó ti pẹ́ tí fóònù mi ti gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Jídé, ẹ má bínú sí mi." Kò pè mí ní "ẹ" rí láyé. "Egbò kan ti yọ ní gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kejì. Ó ní òun ò lọ hospital, pé wọ́n á tún gé e. A ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní àfi tí ẹ bá wá wò ó, tí ẹ ní kó lọ."

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Castle Hill. Ẹ̀gbọ́n ti rù. Ó jókòó sórí àga ní pálọ̀ tí mo ti sùn rí, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá dúró ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí mo ti lè dọ̀bálẹ̀ mọ, ó ní kí n dìde. A kò sọ ohun tó ti kọjá. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí mi, mo sì fi orúnkún mi tó ti kú kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Egbò náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó jìn, etí rẹ̀ sì ti funfun.

Ó ní, "Jídé, ìwọ lo sọ ọ́ nígbà yẹn pé ẹsẹ̀ mi ò mọ nǹkan mọ́. Èyí mọ nǹkan. Ó ń dùn mí. Bó bá ń dùn mí, kò tíì kú, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Ẹ dijú. Bí mo bá tẹ ibi kan tó dùn yín, ẹ sọ fún mi."

Ó dijú. Ó dì í pinpin bí ọmọdé tó ń gbàdúrà. Òtútù òde ṣì wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn kí wọ́n lè móoru.

"Yéè!" Ẹ̀gbọ́n fò lórí àga. "Ibẹ̀ yẹn! Ó dùn mí, Jídé. Ibẹ̀ yẹn gan-an!"

"Halelúyà!" Ìyá Fẹ́mi ti wà lórí orúnkún rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ó dùn ún! Baba, ẹ ṣeun! Jídé, ṣé ẹ gbọ́? Ẹsẹ̀ ò tíì kú!"

Ẹ̀gbọ́n ṣì dijú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò bu oúnjẹ fún mi, a ó jọ jẹun ní pálọ̀ yẹn, n ó sì padà sí bẹ́ǹṣì wa ní ọjọ́ Ìsinmi. Mo wo ọwọ́ mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì fọwọ́ kàn yín."

Ìyá Fẹ́mi dìde lórí orúnkún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n la ojú, ó wo ọwọ́ mi níbi tí wọ́n wà lórí itan mi, ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ mú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dè é.

Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, bá mi mú kóòtù mi."